Ìparí Ìwé Tí Mo Sọ fún Ràmọ́tù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó tún yí ọkàn padà. Ohun kan wà nínú mi tó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti gbé e mì. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà bàbá àwọn ọmọ mi ò gbọ́ ọ rí. Mo parọ́ fún ọ̀rẹ́ mi àtàtà. Irọ́ yẹn ló jẹ́ kó fìdí rẹmi nínú ìdánwò tó yẹ kó gbé e wọ yunifásítì. Bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì mọ̀.

Ẹ má rò pé ẹni tí ayé ti sú ló ń bá yín sọ̀rọ̀ o. Rárá. Ara mi le, ọkàn mi sì balẹ̀. Ìkòròdú ni mo ń gbé, àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò A-Level ni mò ń kọ́ ní lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà dọ́ba. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan. Bọ́ọ̀sì wọn á já a sílẹ̀ nítòsí ilé wa nírọ̀lẹ́, á jẹun tán, á wá máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹnu mi ò tíì sinmi láti àárọ̀. Òótọ́ ló sọ. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní Rédíò. Ẹnu yìí ni mo fi ń jẹun. Ẹnu yìí náà ló fa ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé ọmọ ọ̀rẹ́ mi yìí ń gbé lọ́dọ̀ mi báyìí, ẹ̀bi tó jẹ́ tèmi sì ti fẹ́ di ti ìyá rẹ̀. Apá ibẹ̀ yẹn ni mi ò lè gbé mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi dé òpin.

Ràmọ́tù lorúkọ ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Bàbá rẹ̀ ń kan ọkọ̀ ojú omi létí ọ̀sà níbẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kò pẹ́ tí bàbá fi fẹ́ ìyàwó mìíràn, inú bí Ràmọ́tù gan-an. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó wá bá àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ìkòròdú, ó ní òun ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé bàbá òun mọ́ láyé. Bàbá ránṣẹ́, ránṣẹ́, kò dá wọn lóhùn. Wọ́n wá a wá lẹ́ẹ̀kan, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Àbúrò ìyá rẹ̀ gbà láti jẹ́ kó ṣe A-Level. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun lè ṣe é. Tí kò bá yege, kó padà sílé bàbá ẹ̀. Lọ́yà ni Ràmọ́tù fẹ́ dà, tẹ́ ẹ bá sì rí bó ṣe fẹ́ ẹ tó, àánú rẹ̀ á ṣe yín. Ó ti mọ bí yóò ṣe máa rìn wọ kóòtù. Ó máa ń rìn ín fún mi wò nínú yàrá, pẹ̀lú ìborùn ìyá rẹ̀ léjìká.

Ibi tí a ti ń kọ́ A-Level nígbà náà, ìwé ṣọ̀wọ́n. Àwọn ìwé tí wọ́n yàn fún lítíréṣọ̀, tíṣà wa ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń yá wa lò. Nítorí náà, àwa ọmọ ibẹ̀ dá àṣà kan sílẹ̀ tí à ń pè ní kà-fún-mi. Ẹni méjì á di èkejì ara wọn. Ìwọ á ka ọ̀kan, èmi á ka ìkejì, lẹ́yìn náà a ó jókòó, kálukú á sọ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní fi nǹkan kan pamọ́. Lọ́jọ́ ìdánwò, a ó kọ nípa méjèèjì bí ẹni pé ojú wa la fi kà á. Tíṣà mọ̀, ó bínú sí i títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ẹ ò lè mọ irú ìgbẹ́kẹ̀lé tó wà nínú ẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá ti ṣe é rí. Ojú ẹlòmíì lo fẹ́ fi ka ìwé. Ohun tó bá sọ fún ọ lo máa gbé wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Èmi àti Ràmọ́tù la jẹ́ èkejì ara wa. Èbúté Ìkòròdú la ti ń ṣe tiwa, lábẹ́ àtíbàbà tí àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi máa ń jókòó sí, nírọ̀lẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń bọ̀ láti Èkó, tí òórùn ẹja àti epo ọkọ̀ dà pọ̀ mọ́ra. Òun ló kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ìwé ìtàn gígùn kan ló kà. Ràmọ́tù kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó máa ń dúró, á tún padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó fò. Bí mo bá bi í léèrè ohun tí kò rántí, á ní kí n jẹ́ kí òun lọ wò ó, á sì mú ìdáhùn wá lọ́jọ́ kejì. Ohun tó sọ fún mi yẹn ni mo fi gba máàkì rẹpẹtẹ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn fún mi, ẹ jọ̀ọ́.

Ó wá kan èmi. Eré orí ìtàgé ni wọ́n fún mi. Ó dá lórí bàbá kan ní ìlú olótùútù tó ń tún agogo ṣe, àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ní èdè àìyedè, tó sì bínú fi ilé sílẹ̀. Orúkọ wọn le lẹ́nu, mo bá sọ bàbá ní Alágogo, mo sọ ọmọ ní Àbẹ̀kẹ́. Mò ń sọ ọ́ ní díẹ̀díẹ̀, apá kan nírọ̀lẹ́ kan. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ̀ ọ́n sọ o. Mò ń yí ohùn padà, mò ń wúkọ́ bíi bàbá arúgbó. Ó débi pé ọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ máa ń sún mọ́ wa, á ṣe bí ẹni tó ń wo omi. Lọ́jọ́ kan ó gbàgbé ara ẹ̀, ó ní kí lọmọ yẹn wá sọ, àwa méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín.

Ràmọ́tù ò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ìtàn náà fúnra rẹ̀ ṣá. Bí mo bá ti dé ibi tí Àbẹ̀kẹ́ wà nílé àlejò, á tẹ ọwọ́ mọ́ra, á tẹjú mọ́ mi lẹ́nu. Mo mọ ohun tó ń gbọ́ níbẹ̀. Ta ni kò ní mọ̀?

Ó ku apá ìkẹyìn. Mo ti ní kó wá lọ́jọ́ Ẹtì kí n parí ẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò kà á. Kò sí àìsàn, kò sí ọ̀fọ̀, kò sí àwíjàre kankan. Ilé aládùúgbò wa ni mo wà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, à ń wo fíìmù, à ń jẹ gúgúrú. Mo ní mà á kà á lọ́la, mo ní mà á kà á lọ́la. Bí ọjọ́ Ẹtì ṣe dé nìyẹn, mo bá Ràmọ́tù níbi tí a máa ń jókòó, ó ti dé ṣáájú mi. Kò tiẹ̀ kí mi. Ohun tó bi mí ni, “Ṣé ó padà sílé?”

Ìbá ti rọrùn kí n ní mi ò tíì kà á. Òun náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láìmọye ìgbà, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n èmi Rédíò, tí ọkùnrin tíkẹ́ẹ̀tì ti ń wò mí, kí n wá ní mi ò mọ̀? Ìgbéraga ò jẹ́. Mo la ẹnu, mo ní, “Ó padà.”

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún nìyẹn. Mo ní Àbẹ̀kẹ́ rìn títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀. Mo ní kò mọ ohun tó máa sọ, gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó ti tò sílẹ̀ lọ́nà ti fò lọ. Alágogo jókòó, ó ń tún agogo ọwọ́ ẹ̀ ṣe, kò gbójú sókè. Ni ọmọ bá kúnlẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó rí sọ ni pé, “Bàbá, ebi ń pa mí.” Bàbá ò bi í léèrè ibi tó ti wà. Wọ́n gbé agogo sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n lọ bu oúnjẹ wá. Mo ní bó ṣe parí nìyẹn, wọ́n ń jẹun, aṣọ ìtàgé bọ́ sílẹ̀.

Mi ò mọ ibi tó ti wá sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbójú sókè, omi ń dà lójú Ràmọ́tù, kò sì nù ún. Ọkùnrin tíkẹ́ẹ̀tì ní Ọlọ́run ṣeun. Orí mi wú. Mo fẹ́ràn ara mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo jókòó, mo ka apá ìkẹyìn. Àbẹ̀kẹ́ padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti sin bàbá rẹ̀. Ẹlòmíràn ti ń gbé inú ilé náà. Ọmọdé kan yọjú lójú fèrèsé, ó béèrè ẹni tó ń wá, Àbẹ̀kẹ́ ní òun ṣi ilé ni, ó bá yí padà, ó lọ. Ibẹ̀ ló parí sí. Gbogbo ohun tí tíṣà ti ń sọ fún wa nípa agogo àti àsìkò tó ń kọjá, ibẹ̀ ló ti wá yé mi.

Ìdánwò ku díẹ̀. Àyè wà fún mi láti sọ fún un. Ojoojúmọ́ la jọ ń lọ, la jọ ń bọ̀. Mo ti máa ń wí fún ara mi pé àánú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́, pé mi ò fẹ́ ba ẹkún tó sun jẹ́. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì mí. Mi ò fẹ́ kó mọ̀ pé mo jókòó síwájú òun, mo sì ń hun ìtàn tí mi ò kà látẹnu. Mo wá ń gbàdúrà pé kí wọ́n má béèrè ìparí.

Ìparí gan-an ni wọ́n béèrè. Wọ́n ní ká ṣàlàyé bí ìran ìkẹyìn ṣe fi ohun tí eré náà dá lé hàn. Ìbéèrè tó ní máàkì jù nìyẹn. Mo wo ibi tí Ràmọ́tù jókòó sí, ó ti dorí kodò, ó ń kọ̀wé wìrìwìrì. Èmi náà dorí kodò. Mo kọ òótọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Mo mọ ohun tí mo ṣe. Mo fún un ní irọ́, mo sì fi òótọ́ pamọ́ fún ara mi.

Nígbà tí a jáde, ó dì mọ́ mi. Ó ní ìwọ ọmọ yìí, o ṣe mí lóore, gbogbo ẹ̀ ni mo kọ, mo tiẹ̀ kọ ti ebi ń pa mí. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní Ọlọ́run á gbọ́. Ó ní òun ò ní dúró de èsì, òun ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́la. Mo ní kí lo fẹ́ lọ ṣe? Ó wò mí bí ẹni pé mo ń ṣeré. Ó ní, “Ṣebí ìwọ lo sọ ìtàn fún mi.”

Ó lọ lóòótọ́. Ó bá bàbá rẹ̀ nínú ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, wọ́n ń fi òòlù dí ojú pákó. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ó sì ń sọ ọ́ títí di òní fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. Ó ní òun kúnlẹ̀ sínú ẹ̀rún pákó, òun ní, “Bàbá, ebi ń pa mí.” Òòlù bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Wọ́n wọlé, ìyàwó tí Ràmọ́tù ń bínú sí náà ló se ìkọ́kọrẹ́ tó wà nílẹ̀, bàbá bù ú sínú àwo tiwọn, wọ́n gbé e fún ọmọ wọn, wọ́n jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí èsì dé, mo yege, wọ́n sì gbà mí ní yunifásítì. Ràmọ́tù yege nínú ìyókù, ṣùgbọ́n ó fìdí rẹmi nínú lítíréṣọ̀. Láìsí lítíréṣọ̀, kò sí lọ́yà. Àbúrò ìyá rẹ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ràmọ́tù ní ó dáa, bóyá Gẹ̀ẹ́sì òun ni kò dán tó. Kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wá wọlé ní yunifásítì ní gbangba, ó gbé ẹja yíyan wá fún mi láti Ẹ̀pẹ́. Ó ní kí n yá òun ní gáùn mi kí òun fi ya fọ́tò. Ó wọ̀ ọ́, ó fọwọ́ pa apá ẹ̀ wò, ó bọ́ ọ, ó dá a padà fún mi. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo sá lọ, mo lọ sunkún níbẹ̀.

Ó wá di pé ó ń ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ọgbà. Bàbá kọ́ ọ níṣẹ́, ó mọ̀ ọ́n, ó sì wá fẹ́ràn ẹ̀. Ó ṣe ọdún mélòó kan kí bàbá tó kú, orí ẹsẹ̀ Ràmọ́tù ni wọ́n kú sí. Òun ló ni ọgbà náà báyìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Ìyá Ọkọ̀, ara ẹ̀ ń dán, ó sanra, ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń sọ tẹ̀ríntẹ̀rín pé lọ́yà tó ń kan ọkọ̀ lòun. Nígbà tí mo bá ti lọ kí i, tí a jókòó sórí pákó, tí atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ sí wa, inú mi máa ń dùn ju bó ṣe yẹ kí inú ẹlẹ́ṣẹ̀ dùn lọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Nílé Ràmọ́tù, ẹni tó bá ṣẹ ẹnìkan kì í ní ẹ má bínú. “Ebi ń pa mí” ló máa sọ. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á dìde, á bu oúnjẹ fún un, kì báà jẹ́ gààrí lásán. Tó bá ti bu oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tún un dá sílẹ̀ mọ́. Ọkọ rẹ̀ ń sọ ọ́, àwọn ọmọ ń sọ ọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà pàápàá ti mọ̀ ọ́n. Tí àlejò bá béèrè ibi tí wọ́n ti rí i, Ràmọ́tù á ní inú ìwé òyìnbó kan ni, ìwé tó dáa jù láyé. Èmi á sì wà níbẹ̀, mà á máa jẹ ẹja lọ bí ẹni tí kò gbọ́.

Àmínà ni àkọ́bí rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, Ràmọ́tù mú un wá sílé mi. Ó ní kí n bá òun kọ́ ọ ní A-Level, lọ́yà ni ọmọ náà fẹ́ dà. Mi ò lè sọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo ní ọ̀nà ti là, mà á fi ọmọ san án fún ìyá. Ọmọ náà gbọ́n, ó ń fọ abọ́, ó ń kí èèyàn. Nígbà tí àwọn ìwé tí wọ́n yàn fún wa dé, mo tú wọn wò. Ìwé Alágogo wà láàárín wọn.

Gbogbo ọdún wọ̀nyí ìwé yẹn ti kúrò lára àwọn tí wọ́n ń yàn. Mo gbé e fún Àmínà, mo ní kó lọ kà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Àǹtí, mo ti mọ̀ ọ́n látìgbà tí mo wà ní jẹ́léósinmi, mọ́mì mi ti sọ ọ́ fún mi tán. Mo pariwo mọ́ ọn débi pé ó fò sẹ́yìn. Mo ní nílé yìí, kò sẹ́ni tó ń fi etí ka ìwé.

Ó kà á. Ó kà á tán lọ́jọ́ kan tí mò ń gé ẹ̀fọ́, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó ní bàbá ti kú kí ọmọ tó dé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kò síbi tí wọ́n ti ní ebi ń pa mí. Mo ní rárá, kò sí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí kò jẹ́ kí n lè jẹ ẹ̀fọ́ yẹn: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn o. Àmọ́ mo rò pé ìwé yẹn ò yé mọ́mì mi rárá. Abájọ tí wọ́n fi féèlì.”

Kì í ṣe ẹ̀gàn ló fi sọ ọ́. Àánú ló fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ọmọ náà ń káàánú ìyá rẹ̀ pé kò mọ ìwé. Ìyá tó ń lọ wo ohun tí kò rántí kó tó sọ ọ́ fún mi. Ẹnu mi tí kì í dilẹ̀, ó dilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bí mo ṣe fi òótọ́ pamọ́ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí i. Tí Ràmọ́tù bá pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, tó fẹ́ gbà á nímọ̀ràn lórí ẹ̀kọ́, Àmínà á rọra ní ó ti yé mi, mọ́mì, á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń bi ìyá rẹ̀ ní nǹkan. Kò bi í mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá Ràmọ́tù pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń sọ ti Àbẹ̀kẹ́, Àmínà bá já lu ọ̀rọ̀ náà pé kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Ó ní òun sọ fún un pé ìwé tuntun tí wọ́n tẹ̀ ni wọ́n ti gé nǹkan kúrò nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀. Ó ní, “Rédíò, ọmọ mi rò pé mi ò mọ̀wé. Bá mi sọ fún un. Ṣebí ìwọ lo kà á fún mi.”

Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú yìí. Òun á gbé ìkọ́kọrẹ́ dání. Ó ní kí n jókòó, kí n tún ìtàn náà sọ lójú òun àti Àmínà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí mo ṣe sọ ọ́ ní Èbúté nígbà náà, kí n má fi ikọ́ bàbá sílẹ̀. Mo ní kò burú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, mi ò bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ṣàánú mi. Ayé mi dùn. Ti Ràmọ́tù náà dùn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Irọ́ mi gba kóòtù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní bàbá rẹ̀. Tí mo bá tú u, ṣé mi ò ní tú ohun tí gbogbo ilé yẹn jókòó lé? Tí mi ò bá sì tú u, Àmínà á máa káàánú ìyá rẹ̀ lọ títí ayé, lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí ìyá ò dá.

Mo ti rò ó, mo ti rò ó. Mo mọ̀ pé mà á sọ òótọ́, nítorí ọmọ yẹn. Mo ti sọ fún ọkọ mi pé kó gbé àwọn ọmọ tiwa jáde lọ́jọ́ náà. Mà á sọ ìtàn náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́, mà á sin bàbá, mà á jẹ́ kí ọmọdé yọjú lójú fèrèsé. Lẹ́yìn ìyẹn, mà á ní láti bẹ Ràmọ́tù.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín gan-an nìyí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà nílé wọn, gbólóhùn kékeré yẹn náà ni. Èmi ni mo hun ún láti fi bo ìtìjú ara mi. Tí mo bá kúnlẹ̀ síwájú Ràmọ́tù lọ́jọ́ Àìkú, tí mo ní ebi ń pa mí, ṣé ẹ rò pé ó máa bu oúnjẹ fún mi?